Ilẹ̀kùn Tí Ìyá Aránṣọ Kì Í Tì

Kò sí ilé kan ní àdúgbò yẹn tí Bàbá Lọ́la kò tíì fọwọ́ kan wáyà rẹ̀ rí. Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ló fi ṣe iṣẹ́ iná kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló fa iná sí ilé ìwé, òun ló tún ti oníbúrẹ́dì ṣe nígbà tí súìṣì rẹ̀ ń gbọn èèyàn lọ́wọ́ jìgìjìgì. Òun náà ló fi iná sínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná dókítà, èyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, iná á tàn yàà sórí àwọn ife. Gbogbo ẹni tó bá débẹ̀ ló ń kan sáárá sí i. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí ọwọ́ rẹ̀ ò dé, inú yàrá òun fúnra rẹ̀ sì nibẹ̀ wà. Kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó rẹ̀ ni.

Aránṣọ ni ìyàwó náà, Ìyá Aránṣọ ni gbogbo ayé sì ń pè é. Aṣọ kún kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ débi pé ọwọ́ ò ráyè kọjá láàárín wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀hún jìn, igun tó ṣókùnkùn jù nínú yàrá ni wọ́n sì gbé e sí, nítorí kò sí ibòmíràn tó gbà á. Ní ọjọ́ ìpàdé àwọn aránṣọ kan, ìyá na ọwọ́ wọ inú òkùnkùn yẹn, ó fa síkẹ́ẹ̀tì dúdú yọ, ó fa búláòsì dúdú tẹ̀lé e, ó wọ̀ wọ́n, ó jáde. Ìgbà tó dé inú oòrùn ni wọ́n fi hàn án pé búlúù ni búláòsì. Aránṣọ tí kò mọ àwọ̀ aṣọ! Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ìpàdé fi tú, obìnrin kan tiẹ̀ ní kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun.

Bó ṣe délé lọ́jọ́ náà, kò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi iná sínú kọ́bọ́ọ̀dù yìí. Irú èyí tí ẹ ṣe fún dókítà."

Bàbá ní, "Lọ́la."

Ọdún mọ́kànlá ni ọ̀la yẹn fi ń bọ̀. Kì í ṣe pé bàbá ò fẹ́ ṣe é o. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi ọ̀sán gun àkàbà fún oníbàárà, tí a fi ìrọ̀lẹ́ gbọ́ wàhálà oníbàárà mìíràn, ta ló tún fẹ́ rí wáyà nínú yàrá ara rẹ̀? Bí ìyá bá bi í léèrè, á ní lọ́la. Ni ìyá bá kúkú fi sọ ọ́ lórúkọ. "Bàbá Lọ́la, ẹ wá jẹun." "Bàbá Lọ́la, wọ́n ń pè yín níta." Àwọn ará ilé gbọ́, àwọn aládùúgbò gbọ́, ó di ohun tí oníbàárà fi ń pè é. Nígbà tó yá, òun náà ń dáhùn.

Ìjà mìíràn tún wà láàárín wọn lórí kọ́bọ́ọ̀dù kan náà. Ìyá Aránṣọ kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tán. Bó bá mú aṣọ tán, á fi àlàfo sílẹ̀, ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ lè gbà wọlé. Ó ní aṣọ náà ń mí, pé aṣọ tí afẹ́fẹ́ ò bá kàn á rùn bí ìbínú àgbà. Bàbá, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ti fi pákó nà lórí ọwọ́ rí nítorí ìdérí tó gbàgbé, kò lè fojú rí nǹkan tó ní ìdérí kó má dé e. Á tì í. Ìyá á ṣí i. Á tún tì í. Báyìí ni wọ́n ṣe é títí wọ́n fi darúgbó lórí rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ìlú tí ọmọ náà wà, ọkọ̀ tó bá gbéra láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń débẹ̀. Nígbà tó bí ìbejì, ìyá di ẹrù, ó ní oṣù mẹ́ta péré lòun yóò lò. Ó gbé báàgì sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ?"

Ó wà. Nǹkan tó fẹ́ sọ ni pé, má pẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ṣùgbọ́n bó ṣe la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, "Sọ fún awakọ̀ yẹn kó má sáré o."

Lọ́jọ́ yẹn, ó padà wọ yàrá, ó rí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bí ìyá ṣe fi í sílẹ̀, pẹ̀lú àlàfo rẹ̀. Ó na ọwọ́ láti tì í. Ọwọ́ náà dé ara ilẹ̀kùn, ó dúró síbẹ̀. Ìyá ló ṣí i kẹ́yìn. Bí òun bá tì í, kò ní sí ẹni tí yóò tún ṣí i. Ó fa ọwọ́ padà. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn mọ́, kò sì sùn nínú yàrá náà mọ́. Àga gígùn tó wà ní pálọ̀ ló di ibùsùn rẹ̀. Bí àlejò bá bi í, á ní ẹ̀yìn ló ń dun òun.

Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà, mẹ́fà di ọdún kan. Ìbejì ń hu eyín, ìbejì ń rá kòrò, ìbejì ò jẹ́ kí ẹlòmíràn wẹ àwọn àfi ìyá àgbà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Bàbá lọ bẹ̀ wọ́n wò nígbà kan, ó lo ọjọ́ mẹ́wàá. Ilé náà kò gba èèyàn mẹ́fà, súìṣì balùwẹ̀ wọn wọ́, àna rẹ̀ ò sì jẹ́ kó tún un ṣe, ó ní àlejò ni bàbá. Àlejò! Ó padà sílé. Wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Bàbá á sọ bí iná ṣe lọ, á sọ bó ṣe dé, ìyá á ní ó dáa, wọ́n á pa fóònù. Bàbá á wá jókòó ti fóònù náà fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ṣẹ́ńjì. Àárò ìyàwó rẹ̀ ń sọ ọ́ débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí, ẹnu rẹ̀ ò sì lè gbé e.

Ní ọjọ́ Ajé kan ní ọdún kẹta, ọmọ rẹ̀ pè é.

"Bàbá, màmá ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ o. Wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ kan."

Inú bàbá dùn, ó dìde dúró láìmọ̀. "Ọ̀sẹ̀ kan péré?"

"Wọ́n fẹ́ wá kó àwọn aṣọ wọn tó kù ni. Ó ṣáà ti hàn báyìí pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa wà. A tiẹ̀ ti ra kọ́bọ́ọ̀dù ńlá fún wọn. Bàbá, ẹ wá wò ó! Tí wọ́n bá ti ṣí i báyìí, iná á tàn nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀."

Bàbá Lọ́la padà jókòó. "Ó dáa," ló sọ. Kí ló tún fẹ́ sọ? Ọdún mọ́kànlá tó fi ń sọ pé lọ́la, ẹlòmíràn ti fi owó ra ọ̀la náà lọ́jà.

Ó mọ̀ dájú pé bí aṣọ yẹn bá fi lè kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìyàwó òun ti lọ nìyẹn. Yóò máa wá kí òun bí àlejò ṣe ń kíni. Nítorí náà, kò dúró di ọ̀la. Ó wọ bàtà, ó gba ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta nǹkan iná lọ.

Wáyà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó fẹ́ gbẹ́ ògiri, kó fa iná gidi wá láti òkè àjà, bó ṣe ṣe ti dókítà. Ṣùgbọ́n nígbà tó na ọwọ́ láti gba wáyà lọ́wọ́ obìnrin náà, ọwọ́ ń gbọ̀n, àwọn méjèèjì sì jọ rí i. Ó ti tó ọdún méjì tó ti gun àkàbà kẹ́yìn. Obìnrin náà dá wáyà padà sí àyè rẹ̀, ó mú páálí kékeré kan wá. Iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀, tó gùn bí rúlà, oníbátìrì.

"Oníbátìrì?" Bàbá fajú ro. Ní gbogbo ayé rẹ̀, ohun ìṣeré ọmọdé ló ka iná oníbátìrì sí.

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ ó lẹ iná yìí mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ ó wá lẹ òòfà kékeré yìí mọ́ ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn bá dé pa, tí òòfà bá wà nítòsí iná, iná á kú. Bí wọ́n bá ti pínyà, á tàn."

"Bí wọ́n bá ti pínyà," ni bàbá tún sọ. Ó gbà á, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́rú ló fi ṣe iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ kan ì bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe. Ó kọ́kọ́ kó aṣọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, kó lè dá wọn padà bẹ́ẹ̀. Òórùn kàfúrà àti ọṣẹ ìfọṣọ jáde wá, òórùn ìyàwó rẹ̀ sì wà lábẹ́ méjèèjì. Ó fi aṣọ kan bo ojú fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá tíì dá gbé ilé fún ọdún mẹ́ta, kó fi ọwọ́ mú ẹnu. Nínú àpò aṣọ náà, ó rí ṣọ́ọ̀kì kékeré kan àti téèpù ìwọnṣọ tó ti gbó. Téèpù yẹn ló fi wọn àárín kọ́bọ́ọ̀dù, kí iná lè wà ní ojú ìlà gan-an.

Nígbà tó kan ti òòfà, ó di dandan kó ti ilẹ̀kùn wò. Ó mí kanlẹ̀, ó tì í, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta. Ilẹ̀kùn ti wọ́ díẹ̀, òòfà ò kan ibi tó yẹ. Ó gé páálí pẹlẹbẹ, ó fi há abẹ́ òòfà, ó tún tì í. Iná kú. Ó ṣí i, iná tàn yàà. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ó ṣí i, ó tì í, ó ṣí i, ó tì í, bí ogún ìgbà, ó sì ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá.

Ó dá aṣọ padà, ó gbá ilẹ̀. Ó fẹ́ kí ohun gbogbo rí bí ẹni pé ọwọ́ ò kàn án, kó lè ba ìyá lójijì. Nítorí náà, kó tó jáde, ó fi ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ bí ìyá ṣe fi í sílẹ̀, pẹ̀lú àlàfo ìwọ̀n ọwọ́ kan. Oòrùn ọ̀sán ń wọlé láti ojú fèrèsé, ó tàn kún gbogbo yàrá. Bàbá ti ilẹ̀kùn yàrá kí eruku má baà wọ̀ ọ́, ó lọ sórí àga gígùn rẹ̀. Lójú rẹ̀, ibi tó yẹ kí ilẹ̀kùn yẹn wà ló wà. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń wò ó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́bọ̀, ọ̀sán ti ń rọlẹ̀ nígbà tí ìyá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, ó mú báàgì ńlá méjì dání, òfìfo ni méjèèjì. Bàbá rí báàgì òfìfo wọ̀nyẹn, ó gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá Lọ́la."

"Káàbọ̀. Ṣé awakọ̀ ò sáré?"

Wọ́n wọ yàrá. Òjò ti ṣú, inú yàrá ti dúdú. Bàbá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ lẹ́yìn, bí ọmọ ilé ìwé tó gbé ipò kìíní.

"Lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ."

Ìyá wò ó. Ó lọ, ó di ilẹ̀kùn mú, ó ṣí i gbayawu. Òkùnkùn ló wà níbẹ̀, bó ṣe wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé.

Bàbá sún mọ́ ọn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí i. Kò tàn. Ó fi ìka gbá iná náà. Kò tàn.

"Kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀?" ni ìyá bi í. Ó ti na ọwọ́ wọ inú òkùnkùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ti kan iná tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe máa ń tọ ojú rírán. "Ẹ ti fi iná síbẹ̀."

"Ó tàn lánàá. Ojú mi báyìí ló ṣe tàn. Mo ṣí i, mo tì í, bí ogún..." Ó wo àlàfo tí ilẹ̀kùn máa ń ní, ó wo òòfà. Oníṣẹ́ iná fún ogójì ọdún! "Mi ò tì í. Àná ni mo ti fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ó ti tàn mọ́jú, bátìrì ti kú."

"Ẹ̀yin?" Ẹ̀rín ti fẹ́ máa pa ìyá. "Ẹ̀yin tí ẹ ń dé ìkòkò òfìfo? Kí ló dé tí ẹ ò tì í?"

"Bí o ṣe fi í sílẹ̀ ni mo ṣe fi í sílẹ̀."

"Láti àná?"

"Láti ọjọ́ tí o ti lọ."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ìyá. Ó rọra jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo bẹ́ẹ̀dì náà, ó rí i pé ẹnikẹ́ni ò sùn síbẹ̀, ó rí eruku lára ìrọ̀rí. Bàbá mọ̀ pé bí òun ò bá sọ ọ́ báyìí, báàgì òfìfo méjì wọ̀nyẹn ni yóò bá òun sọ ọ́.

"Àárò rẹ ń sọ mí," ló wí. "Ilé yìí ò gbé mi mọ́. Jọ̀ọ́, má kó aṣọ yìí lọ."

Ìyá fi etí ìró nu ojú. "Ọdún mẹ́ta! Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń ní bóyá òní ni ẹ máa sọ ọ́. Ẹ ó ní iná lọ, ẹ ó ní iná dé. Mo ní ó dáa, bóyá ọ̀rọ̀ iná nìkan ló kù láàárín àwa méjèèjì."

"Ẹnu mi ni ò dára."

"Ẹnu yín ò dára lóòótọ́." Ó fa imú. "Ẹ dìde, ẹ lọ ra bátìrì wá. Kì í ṣe lọ́la o."

Ibi tí bàbá ti ń wá bàtà, ẹsẹ̀ kan ti wà níta. Òjò pa á lọ, ó pa á bọ̀. Nígbà tó fi bátìrì tuntun sí i, ìyá ti ilẹ̀kùn, ó dúró díẹ̀, ó ṣí i. Iná tàn yàà sórí aṣọ, gbogbo àwọ̀ sì fojú hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kọ haa. Ó na ọwọ́, ó mú búláòsì kan jáde, ó gbé e sókè.

"Búlúù," ló wí. "Búlúù ni olè yìí láti ọjọ́ yìí wá." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Wọ́n ní èyí tí wọ́n rà fún ọ lọ́hùn-ún tóbi ju èyí lọ," ni bàbá wí.

"Ó tóbi. Iná rẹ̀ náà mọ́lẹ̀ ju báyìí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi iná tibẹ̀ sí i, mi ò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀sẹ̀ kan kì í pẹ́ lọ. Ìyá kò lè ṣe kó má padà, nítorí iṣẹ́ ń dúró de ọmọ wọn, kò sì tíì sí ẹni tí yóò máa mójú tó ìbejì. Ó ní bí wọ́n bá ti wọlé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, òun ń bọ̀ wá sílé, ìjókòó pátápátá sì ni. Báàgì kan ló padà lófìfo. Aṣọ mẹ́ta péré ló wà nínú èkejì.

Ní àárọ̀ tó fẹ́ lọ, wọ́n jọ dúró nínú yàrá. Ìyá mú ìborùn kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí bàbá ò rí i kó ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra: ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀kùn náà, ó tì í títí ó fi dún kẹ́. Iná kú.

"Kí bátìrì yín má baà tán kí n tó dé," ló wí.

"Má pẹ́," ni bàbá wí. Ọ̀rọ̀ méjì náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tiẹ̀ ṣòro.

Ó sìn ín dé ibi ọkọ̀, ó dúró títí ọkọ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀. Nígbà tó padà, ó wọ yàrá. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù dé pa, kò sí àlàfo, kò sí àmì pé ẹnì kan wà níbẹ̀ rí. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra ló fi ń jà pé kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn yẹn. Wọ́n ti tì í fún un wàyí, kò sì lè fojú wò ó.

Ó lọ síbẹ̀, ó fà á díẹ̀, ó fi àlàfo sílẹ̀, ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ lè gbà wọlé. Iná tàn, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sórí ilẹ̀, ó kan ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá Lọ́la bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀ sí apá tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí i. Oníṣẹ́ iná ni. Ó mọ̀ pé kò ní pẹ́ kí bátìrì yẹn tó tán. Yóò lọ ra òmíràn lọ́la.